Ojú Ọ̀nà Oko Ló Ń Bá Mi Rántí

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bàtà ológun rí, tí irun yín sì ti ń funfun báyìí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ fa àga mọ́ra. Bí ẹ bá jẹ́ ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, ẹ wá jókòó tì wá. Mi ò ní í sáré sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ orí ni, a kì í sì í gbé orí sáré.

Ìkẹ́rẹ́ ni ilé mi. Ọ̀nà tó lọ sí Ìgbàrà-Odò ni oko wa wà, oko kòkó àti iṣu tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa. Ládùúgbò, Bàbá Ṣọ́jà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Rédíò ni mo gbé nínú iṣẹ́ ológun. Ohun tí ọ̀gá bá sọ, èmi ni mo ń sọ ọ́ sínú rédíò fún àwọn tó wà níwájú. Èsì tí wọ́n bá sì fọ̀, èmi náà ni mo ń mú un padà fún ọ̀gá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í bọ́ nù lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú orí tí mo gbé wálé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì.

Ilẹ̀ kan wà létí odò nínú oko wa, tí a ti fi sílẹ̀ kó sinmi. Èmi ni àgbà ìdílé, èmi ni mo ń pín ilẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dáko. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, mo wà nídìí kòkó nígbà tí mo gbọ́ ariwo lọ́ọ̀ọ́kán. Mo lọ wò ó. Àbúrò mi Dáre ló dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti di olóògbé, dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ tirẹ̀, ó sì ti gbé ìdì igi ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ sọ fún ọmọ yìí kó kúrò lórí ilẹ̀ tí ẹ fún mi," Dáre ló sọ bẹ́ẹ̀.

Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ fún mi ná, kó tó dìde fọhùn. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fún mi. Ẹ tilẹ̀ súre fún mi lórí ẹ̀. Ẹ ní ẹ̀gẹ́ mi á ta bí ẹsẹ̀ erin."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo rántí ìre náà. Mo rántí ẹsẹ̀ erin. Ojú ẹni tí mo sọ ọ́ fún ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì. Wọ́n pín in, ṣùgbọ́n Dáre kò bá mi jẹun mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọmọdé gún òun lójú ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ orí ara mi bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ ẹnu ihò. Mo rí i pé ìgbàgbé yìí ní ọ̀nà tirẹ̀. Ohun àtijọ́ kò lọ síbì kankan. Gbogbo àwọn tí a jọ gbé ní bárékè, mo lè pe orúkọ wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Orin tí a ń kọ nígbà tí a bá ń sáré láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ digbí. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni kì í dúró, bí omi tí èèyàn bù sínú ajere.

Èyí tó wá ṣe mí ní kàyéfì jù ni ti ọ̀nà oko. Mo lè jí, kí n mọ̀ dájú pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fẹ́ lọ gé. N ó mú àdá. Bí mo bá ti yọ sójúde, obìnrin kan wà tó ń yan gààrí lẹ́bàá ọ̀nà wa. "Bàbá Ṣọ́jà, ẹ kú àárọ̀ o! Ṣé ẹ jí dáadáa? Orúnkún yín ńkọ́? Ìyá ńkọ́?" N ó dúró, n ó dá a lóhùn, n ó béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́. Mo tún rìn díẹ̀, mo kan àwọn ọlọ́kadà ní oríta. "Ọ̀gá wa! Ọ̀gá pátápátá!" N ó bẹ́rí fún wọn, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bá fi dé oko, n ó dúró sáàárín kòkó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, orí mi á sì ṣófo. Kíkí ti fọ gbogbo rẹ̀ nù. N ó gé koríko díẹ̀ kí ojú má bàa tì mí, n ó yí padà sílé.

Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún dà?"

"Ọ̀bọ ti jẹ ẹ́."

Ọ̀bọ wá ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa lemọ́lemọ́, títí ìyàwó mi fi ní kí á pe ọdẹ.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi á wọlé, á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á wá fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ẹ mọ̀ mí?" Ta ni yóò sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n? Bí o bá ní o ò mọ̀ ọ́n, o ti bú u, o ti bú bàbá tó bí i. Mo wá dọ́gbọ́n sí i: "Ha! Ìwọ kẹ̀! Ojú rẹ rèé! Bàbá rẹ ńkọ́?" Ó ń ṣiṣẹ́ fún mi dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan bi mí bẹ́ẹ̀, èmi náà bi í pé bàbá rẹ̀ ńkọ́. Ọmọ náà tẹjú mọ́ mi. Bàbá rẹ̀ ni a sin lóṣù tó ṣáájú. Èmi gan-an ni mo ṣe àdúrà ìkẹyìn nílé wọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣìnà. Níbi tí ọ̀nà oko wa ti yà kúrò lójú títì, níbi tí mo ti ń yà láti kékeré, mo dúró, ọ̀tún àti òsì sì rí bákan náà lójú mi. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi dúró. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti Ìgbàrà-Odò ló gbé mi wálé. Ó rò pé oòrùn ló mú mi. Káyọ̀dé gbọ́, ó sì pe Fọlákẹ́ lórí fóònù.

Fọlákẹ́ ni àkọ́bí mi, tíṣà ni ní Ìbàdàn. Ó dé lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá mi, ẹ ó bá mi lọ sí Ìbàdàn."

"Kí n lọ ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Ẹ ó máa jẹun, ẹ ó máa sinmi."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

Ìyàwó mi bọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ ààrò. "Bí wọ́n bá ń lọ, èmi ò lọ o. Èwo ni ká máa gún uyán lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa rò pé ulé fẹ́ wó?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fọlákẹ́ kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n pe òun lọ́jọ́ kan pé inú igbó ni wọ́n ti bá mi. Ó ní òun á fún wa títí iṣu tuntun á fi jáde. Bí nǹkan ò bá yàtọ̀ nígbà náà, òun á wá di ẹrù mi.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ mú lọ sí Èkó nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ náà tọ́jú rẹ̀, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n géètì ni wọ́n ń tì mọ́ ọn, ó sì ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé léèrè pé apá ibo ni ọ̀nà oko wà. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí mo bẹ̀rù nìyẹn, ju ikú lọ.

Ẹbí bá gbéra. Bí àìsàn bá wọlé, gbogbo ẹni tó bá ti já ewé rí ni yóò di dókítà. Dáre ló kọ́kọ́ dé. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ bá sọ fún mi pé ara yín ni ò yá. Mo ti ń bínú sí yín lásán." Ó gbé ìkòkò kékeré kan kalẹ̀. "Ìsọyè rèé. Ẹ fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún láàárọ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀." Mo mu ún. Ó korò, ó ta, ó ń rùn bí awọ tó jóná. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ kí n rántí ni ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Àbúrò mi obìnrin ní òun rí ọwọ́ ayé nínú ọ̀rọ̀ náà, ó mú mi lọ sí orí òkè àdúrà. Mi ò bá àdúrà jà, mo ṣì ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, ebi sì tún ń dá kún ìgbàgbé.

Ìyàwó mi ló ní kí á lọ sí ọsibítù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a fi débẹ̀, èrò sì ti kún orí bẹ́ǹṣì. Ẹ gba káàdì, ẹ jókòó. Wọ́n pe ẹnì kan, gbogbo yín á sún. Èmi tí mo wá nítorí ìgbàgbé, wọ́n pe orúkọ mi, mi ò gbọ́. Mo ń bá bàbá kan sọ̀rọ̀ nípa iṣu tí kì í tètè rà. Wọ́n dá wa padà sí ìparí ìlà. Nígbà tí a wọlé, dókítà kò gbé ojú sókè púpọ̀. Ó ní ọjọ́ ogbó ni, ó kọ oògùn afúnralókun fún mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

A padà lọ ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, a bá dókítà obìnrin kan tí kò dàgbà tó Fọlákẹ́.

"Bàbá, ṣé nǹkan kan ti gbá yín lórí rí?"

"Rárá o."

"Ẹ ò ṣubú rí? Ẹ ò ní jàǹbá ọkọ̀ rí?"

"Rárá. Ọta kankan ò bà mí títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ìyàwó mi yíjú sí mi. "Bàbá Fọlákẹ́! Ọkọ̀ tó dà yín sí kòtò ńkọ́?"

Ẹ̀yin ológun á mọ ohun tó fà á tí mo fi ní rárá. Lójú tiwa, ẹ̀jẹ̀ ni ọgbẹ́. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wọ bárékè, a kì í sọ pé ó fara pa. Nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n rán wa lọ láti lọ làjà, nǹkan kan bú lábẹ́ ọkọ̀ tó wà níwájú wa, ọkọ̀ tiwa yà bàrá, ó dojú dé. Mo fi orí gbá irin. Mo dìde, mo wá rédíò mi kiri, mo rí i, mo sì dúpẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń béèrè: "Ta ló ń wa ọkọ̀?" Wọ́n á dá mi lóhùn, n ó sì tún béèrè. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Orí fọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, etí ń hó mi, ó sì lọ. Ìgbà kan tún wà tí igi òrùlé já lé mi lórí. Ìyẹn náà kò ṣẹ̀jẹ̀.

Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi dúró. Ó ní ọpọlọ lè mì nínú agbárí bí omi ṣe ń mì nínú agbè, kí ẹ̀jẹ̀ kankan má sì jáde. Ó ní ara lè borí rẹ̀ nígbà èwe, kí ọjọ́ orí wá dé, kó sì tún fi ibi tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn. Mo bi í bóyá ìyẹn nìkan ló fa tèmi. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìdáhùn yẹn. Wọ́n ya àwòrán orí mi ní Adó, owó kòkó wa bá a lọ, wọn kò sì rí ohun tí wọ́n ní láti gé tàbí láti rán. Dókítà ní kò sí egbòogi tó lè dá orí mi padà sí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan wà tó ń kọ́ àwọn àgbà bíi tiwa bí a ṣe ń fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣiṣẹ́. Ó ní kí n lọ wò ó.

Mo rò pé wọ́n á so wáyà mọ́ mi lórí ni. Nígbà tí mo débẹ̀, àga díẹ̀ ni mo bá nínú yàrá kan, àwọn àgbà ológun jókòó, Nọ́ọ̀sì Títí sì dúró síwájú wa bí tíṣà. Ẹni tó jókòó tì mí ni Sájẹ́ńtì kan láti Èmùré, aláwàdà èèyàn.

"Bàbá," Nọ́ọ̀sì sọ fún mi, "bí ẹnì kan bá sọ nǹkan fún yín, ẹ tún un sọ fún un kó tó lọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun nìyẹn. Bí a ò bá tún un sọ nígbà tiwa, bàtà ọ̀gá ni yóò bá wa sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é mọ́?"

Ìbéèrè náà bá mi wọ mọ́tò wálé. Kí ló dé? Mo wá ń wo ilé wa, mo rí i. Ta ló ń jẹ́ kí àgbà tún nǹkan sọ? Bí mo bá ń wá orúkọ kan, àwọn ọmọ ti bá mi pè é. Bí mo bá fẹ́ dìde lọ wá nǹkan, wọ́n á ní, "Ẹ jókòó, Bàbá." Bí àgbà bá sì tún ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ, wọ́n á ní etí rẹ̀ ti ń di. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fún mi, ọ̀wọ̀ náà sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ orí mi. Mo bá sọ fún gbogbo ilé pé láti ọjọ́ náà lọ, kí wọ́n jẹ́ kí n fi ara mi wá a ná.

Nọ́ọ̀sì kọ́ wa pé kí gbogbo nǹkan ní ibi tirẹ̀: ìṣó kan fún àdá, ìṣó kan fún kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí a má fi ohun méjì sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Sájẹ́ńtì ní, "Ìyàwó mi ni kí ẹ kọ́ ní ìyẹn. Ó ń gbàdúrà lọ́wọ́, ó ń bá mi jà lọ́wọ́, kò sì fo àmín kankan."

Ọjọ́ tí mo sọ ti ọ̀nà oko fún un, Nọ́ọ̀sì ronú díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má dúró kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ẹ ó fi dé oko."

Sájẹ́ńtì ló fọhùn. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi, sà."

"Mo mọ̀."

Mo kúkú dán an wò, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo tẹ orí mọ́lẹ̀, mo kọjá lára aláyan-gààrí, mo kọjá lára àwọn ọlọ́kadà, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo dé oko, mo rántí ohun tí mo wá ṣe, mo ṣe é. Kí n tó padà délé, ìròyìn ti kárí àdúgbò pé Bàbá Ṣọ́jà ń bínú. Aláyan-gààrí ti gbé abọ́ gààrí kan wá bẹ̀ mí. Àwọn ọlọ́kadà dọ̀bálẹ̀ lójúde mi. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣẹ̀ yín nínú wa? Ẹ nawọ́ sí i, a ó bá yín lù ú." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá rò ó. Mi ò lè pa kíkí tì, èèyàn ni mí. Ṣùgbọ́n bí kíkí bá lè fọ iṣẹ́ nù lórí mi, ṣé a ò lè di iṣẹ́ náà mọ́ kíkí? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí obìnrin náà ṣe kí mi, mo ní, "A dúpẹ́ o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń lọ gé."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ẹ kú ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígé o! Ẹ bá mi mú díẹ̀ bọ̀."

Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. "Ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń lọ gé."

"Ọ̀gá ọlọ́gẹ̀dẹ̀! A ń retí tiwa o!"

Nígbà tí mo fi dé oko, mo ti sọ ọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ padà fún mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dún létí mi bí orin. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mò ń bọ̀, kò sí ẹni tí kò béèrè tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ojú ọ̀nà ló ń bá mi rántí, ó kàn ń gba owó ibodè díẹ̀ ni. Mo ròyìn fún Nọ́ọ̀sì Títí, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí n dìde sọ ọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ti "Ẹ mọ̀ mí?" ni ó le jù. Mo ní láti kọ́ ẹnu mi láti sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́. Orí mi fara gbá nígbà tí mo wà nínú iṣẹ́ ológun. Sọ orúkọ rẹ fún mi, kí o sọ ilé bàbá rẹ." Àwọn kan bínú. Ẹnì kan lọ sọ pé owó ìfẹ̀yìntì ti ń gùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló kàn máa ń jókòó, tí wọ́n á sọ ìtàn ilé wọn fún mi látìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí nígbà tí mò ń díbọ́n. Ti ilẹ̀ náà, mi ò pín in ní èmi nìkan mọ́. Dáre á wà níbẹ̀, Káyọ̀dé á wà níbẹ̀, ẹni tó gbà á á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó gbà.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Nígbà tí iṣu tuntun ku díẹ̀ kó jáde, mo po oògùn kòkó láti fín in. Ẹnì kan kí mi láti ẹ̀yìn ọgbà, mo dáhùn, a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo yí padà, mo sì da oògùn náà sínú garawa tí a fi ń pọn omi mímu. Mo gbé e wọlé, mo fi ọmọrí dé e. Ìyàwó mi ló ṣí i tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó dà á nù sínú kòtò, ó lu garawa náà fọ́ pátápátá. Ẹ̀rù ló bà á, ó bà mí náà. Bí òùngbẹ bá ti gbẹ ẹ́ ṣáájú ńkọ́?

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Fọlákẹ́ dé pẹ̀lú báàgì òfìfo kan, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá mi. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tí báàgì náà wà fún. Ìyàwó mi, Dáre àti Káyọ̀dé ti ṣe ìpàdé lẹ́yìn mi: ọ̀rọ̀ garawa kò gbọdọ̀ jáde. Bí a ṣe jókòó sídìí uyán ni Dáre bẹ̀rẹ̀.

"Fọlákẹ́, bàbá rẹ ti gbádùn pátápátá! Orí wọn mú ju tèmi lọ."

"Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń yin Bàbá," Káyọ̀dé fi tì í.

Mo wo ìyàwó mi. Ó tẹjú mọ́ abọ́ ọbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, mo ti jàre, báàgì náà á sì padà sí Ìbàdàn bó ṣe wá. Mo gbé òkèlè mi kalẹ̀.

"Fọlákẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo da oògùn kòkó sínú omi mímu."

Dáre dì mí lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n!"

"Fi mí sílẹ̀. Fọlákẹ́, ìyá rẹ ló rí i. Mi ò gbọdọ̀ fín kòkó mọ́, Káyọ̀dé ni yóò máa fín in, ilé tirẹ̀ ni oògùn náà á sì máa wà. Mo ṣì ń gbàgbé orúkọ. Mo ṣì ń gbàgbé bóyá mo ti jẹun. Oríta tí mo ti ṣìnà nígbà yẹn, mi ò tíì ṣì í mọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé mi ò ní í ṣì í lọ́la. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ọ̀nà ibi tí mò ń lọ. Bí mi ò bá padà, wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi. Ní Ìbàdàn, ta ni n ó sọ fún?"

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Bàbá mi, ìgbàgbé kọ́ ló ń lé mi kúrò lójú oorun. Mo ń pè yín, ẹ ń ní kò sí nǹkan. Mo ń pe Màámi, wọ́n ń ní kò sí nǹkan. Mi ò mọ èyí tí n ó gbà gbọ́ mọ́."

"O ti gbọ́ báyìí."

"Ẹ ó máa sọ fún mi bẹ́ẹ̀? Tó bá burú, ẹ ó sọ pé ó burú?"

"N ó máa sọ."

"Ẹ tún un sọ, sà."

Mo tún un sọ. Dáre ní òun ò rí ibi tí ọmọ ti ń gba ìbúra lọ́wọ́ bàbá báyìí rí, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Fọlákẹ́ ń lọ, iṣu ni ìyá rẹ̀ kó kún inú báàgì náà, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti Káyọ̀dé fi jọ gbé e sínú ọkọ̀.

Bí mo ṣe wà nìyí. Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Títí. Sájẹ́ńtì kò wá mọ́. Tirẹ̀ yára ju tèmi lọ, inú yàrá ló ń wà báyìí, àwàdà rẹ̀ sì ti dín kù. Mo máa ń lọ wò ó, a máa ń kọ orin bárékè, kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kì í wo gbogbo èèyàn bákan náà. Bí nǹkan bá ti gbá yín lórí rí, bí ẹ̀jẹ̀ ò tilẹ̀ jáde, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ mú ìyàwó yín dání nígbà tí ẹ bá ń lọ, nítorí òun ló máa rántí.

Láàárọ̀ òní, nígbà tí a ń jẹ iṣu sísè, mò ń wá orúkọ ọkùnrin tó ni takisí pupa tó ń ná Ìkẹ́rẹ́ sí Adó nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ojú rẹ̀ wà níwájú mi, fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, bó ṣe ń wúkọ́ wà níbẹ̀. Mo wá a títí, mo bá bi ìyàwó mi. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu ní yíyà, iṣu lọ́wọ́. Òun náà kò rí i. Òun tí kò wọ aṣọ ológun rí, tí nǹkan kan ò gbá lórí rí. Mo wò ó, ó wò mí, ẹ̀rín sì gbé wa lọ. A ti dárúkọ gbogbo awakọ̀ tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ láyé ìgbà náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, a ò tíì rí i.